Ààrẹ, Olórí Ìjọba, àti Ọmọ Tí Wọ́n Wẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì ní Níyàmé

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi láti Ìgàndò dé Ìkòtún tí kò dá mi dúró pé, "Ìyá Fọlákẹ́, báwo lọ̀hún ṣe rí?" Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu ti ń ro mí. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó lè kà á kà á, kí ẹni tí kò lè kà á ní kí ọmọ òun kà á fún òun. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi kúrò. Bí ẹ bá dé ibi tí ọwọ́ mi ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe, kí ẹ máa kà á lọ.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti bọ́dà dá yín lágara. Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi wú, ó tán. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo rí nǹkan!

Nígbà tí mò ń lọ, mo sọ fún yín pé mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ tuntun. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Fọlákẹ́ ọmọ mi, tó kọ́ iṣẹ́ irun ní Ẹ̀gbẹ́dá kó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Níyàmé ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, lókè Sókótó lọ́hùn-ún, fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Ojú kìíní, ìkíni ni láti òkè délẹ̀: ó ti bímọ, obìnrin ni, Múfú ọkọ rẹ̀ kí mi, Àlájà ìyá Múfú kí mi. Mo yí i sí ojú kejì. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ wá mú mi. Èmi àti Àlájà ò lè gbé ilé kan náà mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ń padà, èmi àti ọmọ mi ń bá yín lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. Tí mo bá mú un wálé, ilé rẹ̀ tú nìyẹn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti tú. Tí mo bá fi í sílẹ̀, tí ìbànújẹ́ bá ṣe é léṣe ńkọ́? Ẹrù tí mo gbé dání rìn nìyẹn, yàtọ̀ sí gálọ̀nù àdí kan àti ọṣẹ dúdú.

Omi tí kò tí ì dé Jẹ́bà

Nígbà tí a fẹ́ fi ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sí Nìjẹ̀r, mọ́tò wa gun afárá kan. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí omi tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Mo bi awakọ̀ pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, Odò Ọya mà ni."

Mo pariwo! Ọkọ mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Jẹ́bà, ọdún méje la fi gbé etí Odò Ọya, ibẹ̀ ni mo ti bí Fọlákẹ́. Mi ò mọ̀ láyé mi pé mo lè jókòó nínú mọ́tò fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tún bá a níbòmíràn. Mo wá rò ó dáadáa. Omi tí mò ń wò yìí, kò tí ì dé Jẹ́bà. Ó ń lọ sílé, èmi ń ti ilé bọ̀. Mo juwọ́ sí i. Àwọn èrò mọ́tò ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín.

Ní Níyàmé, ohun tó kọ́kọ́ kí mi ni oòrùn. Oòrùn tiwa níbí ń rọra ti ẹ̀yìn ìkùukùu yọ bí ẹni tó ń bẹ̀ wá. Tibẹ̀ ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ pupa, ilé náà pupa, erukutu ń fẹ́ bí ìyẹ̀fun. Ràkúnmí kan ru ẹní jọ bí òkè, ó ń lọ jẹ́jẹ́ lórí títì ọlọ́dà, níwájú àwọn ilé alájà tí àwọn akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó wò ó. Èmi nìkan ni mo dúró la ẹnu sílẹ̀. Ó yí ọrùn gígùn yẹn padà, ó wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni pé èmi gan-an ni àràmàǹdà. Kò kúkú parọ́.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ ìkíni! Bí àwa bá rò pé àwa la nìkíni, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó. Wọ́n á bi ọ́ bí o ti sùn, bí àárẹ̀ ti rí, bí ooru ti rí, bí àwọn ará ilé ti rí, o ó sì máa dáhùn pé "Láfíyà, láfíyà." Àlàáfíà wa náà ni, wọ́n kàn gé e kúrú. Kí wọ́n tó bi ọ́ lórúkọ, wọ́n á ti gbé omi tútù fún ọ. Nígbà tí mo dé àdúgbò Múfú, ìyá arúgbó kan tí mi ò rí rí gbé igbá fúrá wá bá mi, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan. Ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán, ó gba igbá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Kákà, ìyẹn ìyá àgbà. Àwọn àgbà ń pè mí ní Ànàgó, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá nìyẹn. Ní Ìgàndò, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀ màá bi í pé kí ló dé. Lọ́hùn-ún, mo jẹ́ ẹ jàre. Àlejò kì í yan orúkọ.

Oúnjẹ wọn ò le. Òkèlè ọkà ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé oṣè gbígbẹ tó ń yọ̀ bí ilá. Ọjọ́ kìíní, mo fi ojú bá a jà. Ọjọ́ kẹta, èmi ni mò ń bèèrè pé ṣé ó kù.

Kọ́kọ́rọ́ etí ìró

Kí n sọ òótọ́ nípa Àlájà ìyá Múfú: kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti dé Níyàmé, gbogbo àdúgbò ló ń wólẹ̀ fún un. Nígbà tí mo wọlé, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Àna mi, ìyá ìyàwó mi, ẹ mà kú ewu o!" Ó gbé omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ló so mọ́ etí ìró. Bó bá ń rìn, ó ń ró woroworo, o ó ti mọ ibi tó wà.

Ọmọ náà rẹwà. Ṣẹ̀rífà ni wọ́n sọ ọ́, èmi ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Mo gbé e lọ́wọ́, ó sín. Mo ní, "Kí ló dé?" Fọlákẹ́ ní, "Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lónìí."

"Ta ló wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Àlájà wẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo sùn. Omi yẹn gbóná jù, wọ́n sì ń jù ú sókè. Nígbà tí mo jí, mo tún un wẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ wa ní ọsibítù."

Lọ́jọ́ kejì, Àlájà ti gbọ́. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí abẹ́ igi, ó ní, "Ẹni tó lọ́mọ ti jí. Èmi ti fẹ̀yìn tì." Fọlákẹ́ náà jókòó sínú yàrá, ó ní, "Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo gba iṣẹ́ àgbà." Oòrùn là, oòrùn yí, oòrùn ń wọ̀, kò sí ẹni tó wẹ ọmọ. Nínú erukutu yẹn! Mo dìde, mo ní kí n gbé báàfù. Àwọn méjèèjì yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rọra gbé báàfù padà síbi tí mo ti bá a.

Bó ti ń rí nìyẹn. Lónìí ẹ̀ẹ̀mejì, lọ́la òfo. Bí àlejò bá dé, olúkúlùkù á dáná tirẹ̀. Múfú ńkọ́? Ọmọlúàbí ni Múfú, àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà. Bó bá ti ọjà dé, bó bá kírun àsárì tán, á wo ojú ìyá rẹ̀, á wo ojú ìyàwó rẹ̀, á wọ bàtà. "Mò ń lọ sí fádà o."

Fádà

Ọ̀rọ̀ yìí ló kó mi sí wàhálà. Ẹ mọ̀ pé Áńgílíkàn ni mí, mi ò bá àwọn Àgùdà jà. Ṣùgbọ́n Múfú ọmọ Àlájà, tí kì í pa ìrun jẹ, kí ló ń wá lọ́dọ̀ Fádà lójoojúmọ́? Mo ro ó títí. Mo ní, ìbànújẹ́ ilé ló gbé e débẹ̀. Bóyá ó ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bóyá wọ́n ti fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún un! Bí Àlájà bá gbọ́, èmi àti ọmọ mi ni wọ́n máa ní a sọ ọ́ di onígbàgbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Bí Àlájà bá ní, "Múfú dà?" màá ní, "Bóyá ó yà sọ́jà." Lọ́jọ́ kejì, "Ó jọ pé ó lọ ra bátìrì." Àlájà á kàn wò mí, á rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ní màá lọ rí Fádà yìí fúnra mi. Mo ró ìró funfun mi ti ìjọ, mo mú ìwé orin mi dání kó lè mọ̀ pé onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀ ni mí. Mo bi obìnrin kan lójú ọ̀nà pé, "Fádà?" Ó nawọ́ sí abẹ́ igi dóńgóyárò kan lẹ́yìn ilé mẹ́rin. Ọkùnrin bíi mẹ́fà ló jókòó sórí ẹní níbẹ̀, wọ́n yí iná èédú ká, rédíò ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Mo ní òun nìyẹn. Mo lọ tààrà, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Fádà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ìrìbọmi fún Múfú láìjẹ́ pé ẹ sọ fún ìyá rẹ̀. Ilé yẹn ò lè gba èyí mọ́."

Bàbá náà wò mí, ó wo ìwé orin, ó wo Múfú tó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, Yorùbá tó mọ́ kedere!

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ dìde! Kò sí Fádà níbí o. Tíì nìkan ni à ń jẹ́wọ́ fún!"

Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún àwọn yòókù. Ọ̀kan ṣubú sẹ́yìn lórí ẹní, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Bàbá yìí, Bàbá Agége ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ránṣọ ní Agége fún ọdún mẹ́wàá títí ìjọba wa fi ní kí àwọn àlejò máa lọ. Mo ní, "Ẹ má bínú sí wa." Ó ní, "Ìjọba lé wa, ṣùgbọ́n ìyá onílé mi sunkún. Ẹkún yẹn ni mo gbé wálé." Ó wá là mí lọ́yẹ̀ pé fádà lédè Haúsá, ààfin ni. Ibi tí àwọn ọkùnrin kóra jọ sí, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń tún ìlú ṣe, ààfin ni àwọn ń pè é.

"Ààfin tí kò lọ́ba?"

"Gbogbo wa lọba, Ìyá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ariwo fi pọ̀."

Kẹ́tù àti iná

Wọ́n gbé àpótí fún mi. Wọ́n fún mi ní tíì nínú ife kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Èkíní korò bí ewúro, èkejì sàn, ẹ̀kẹta dùn, o kò sì gbọdọ̀ dìde kí o tó mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi tí mo wá bẹ Fádà, mo wá di ọmọ fádà.

Rédíò ń sọ̀rọ̀, bí ó bá ti dákẹ́ ni àwọn méjì máa ń bẹ̀rẹ̀, tí Bàbá Agége ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: Ísáká tó sanra, àti Sáídù tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Ísáká kọ́kọ́ na ìka sí Sáídù, ó ní, "Ẹrú bàbá mi ni ọ́, pa ẹnu rẹ mọ́!" Mo dìde, mo ní ìjà dé. Bàbá Agége fà mí jókòó. Ó ní ẹ̀yà Ísáká àti ẹ̀yà Sáídù ń bá ara wọn ṣeré láti ayébáyé ni, ẹni tí kò bá bú èkejì ni kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé ènìyàn méjì ló ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè wọn.

Ísáká ní, "Ààrẹ ni gbogbo ìlú dìbò fún. Orí kan ló ń gbé ọrùn."

Sáídù ní, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ṣé a ò tún dìbò fún ilé aṣòfin? Ẹgbẹ́ kejì ló wọlé, wọ́n sì fa olórí ìjọba kalẹ̀. Àbí ìbò àná nìkan ni ìbò, ìbò òní jẹ́ ẹ̀pà?"

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ọba kì í pé méjì láàfin."

Bàbá Agége ní, "Òótọ́ ni, Ìyá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi kọ́ ààfin méjì fún wọn."

Ó wá fa kẹ́tù tíì sún mọ́ mi. "Ẹ wò ó. Kẹ́tù yìí ni Ààrẹ. Òun ló ń ṣojú wa lókè òkun, òun ni olórí àwọn ṣójà, òun ni kó jókòó sórí ìpàdé àwọn mínísítà gẹ́gẹ́ bí alága. Iná yìí ni olórí ìjọba. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni tirẹ̀: ilé-ìwé, ọsibítù, títì. Bí kẹ́tù àti iná bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan náà, tíì á yá. Olórí ìjọba á dà bí ọwọ́ ọ̀tún Ààrẹ. Bí kẹ́tù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, tí iná wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì ńkọ́?"

"Ẹ ò ní rí tíì mu nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi!

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ara mi yá gágá. Àwa náà ti ní irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, a ní Ààrẹ, a sì ní olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n Ààrẹ tiwa ìgbà náà, ẹ̀wù ńlá ló ń wọ̀, gbogbo wa ló mọ̀ pé olórí ìjọba ló mú iṣu, tó mú ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà Ààrẹ nìkan ló mú méjèèjì. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa báyìí, ṣójà ti gba iṣu, ó gba ọ̀bẹ, ó gba àwo mọ́ ọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo yára wo ẹ̀yìn mi. Ọlọ́pàá kan tó wọ kàkí jókòó sẹ́yìn mi! Ọlọ́pàá náà na ife tíì rẹ̀ sí Bàbá Agége, ó ní ẹ̀yìn olórí ìjọba ni òun wà, kí wọ́n sọ fún ìyá Ànàgó kó má bẹ̀rù. Ta ló ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Mo wá bi wọ́n bí ẹni tó ń tún ilé ṣe, nítorí ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyẹn. "Kí ló dé tí Ààrẹ ò lé olórí ìjọba?"

Bàbá Agége ní, "Bó bá lé e, ẹlòmíràn láti inú ẹgbẹ́ náà ni ilé aṣòfin máa gbà. Bí ìyàwó tí ẹbí fẹ́ fún ọ ni: o lè máà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé rẹ ló wà."

"Kí ló dé tí olórí ìjọba ò lé Ààrẹ?"

"Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú ló fi í síbẹ̀."

"Kí gan-an ni wọ́n wá ń jà lé lórí?"

Múfú àna mi, tí kì í lè sọ gbólóhùn méjì nílé, òun ló dáhùn. Ẹ ò rí i bó ti ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé! "Lórí ìpàdé ni, Màmá. Òfin ní kí Ààrẹ jókòó sórí ìpàdé àwọn mínísítà. Ààrẹ ní òun ò bá wọn jókòó. Olórí ìjọba ní ṣé kí iṣẹ́ wá dúró ni, ó pe ìpàdé tirẹ̀. Ààrẹ ní èyíinì kì í ṣe ìpàdé."

"Bí Ààrẹ ò bá wá, kí ni òfin ní kí wọ́n ṣe?"

"Ohun tí kálukú fẹ́ ló ń kà níbẹ̀. Òfin ò sọ̀rọ̀ tó."

Mo wò ó. Mo rántí ọmọ tí wọ́n wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lónìí tí wọn ò wẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ mu tíì mi tán.

Àpò

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí n padà, Fọlákẹ́ di àpò rẹ̀. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Mo ní, "Ṣé o ti pinnu?" Ó ní, "Màmá, bí mi ò bá lè wẹ ọmọ mi, ta ni mo jẹ́ nílé yìí?"

Àlájà kọjá, ó rí àpò. Kọ́kọ́rọ́ etí ìró rẹ̀ ò ró mọ́. Ó ti fi ọwọ́ mú wọn. Nígbà tó yá ó pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Fọlákẹ́, ṣé ẹ fẹ́ kó wọn lọ ni?"

"Àlájà, èmi ò kó ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ń lọ."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ mẹ́fà ni mo bí nílùú yìí. Múfú nìkan ló kù. Gbogbo wọn ni mo fi ọwọ́ mi wẹ̀. Bí mi ò bá wẹ ọmọ yìí, kí ni mo tún ń ṣe nílé yìí?"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ, ògiri kan ló wà láàárín wọn. Ọ̀kan, ọmọ tó bí ló gbé e wọlé; èkejì, ọkọ tó fẹ́ ẹ ló gbé e wọlé. Kò sí èyí tó lè lé èkejì. Èmi ìyá ìyàwó, àlejò ni mí, ẹnu mi ò tó ilé yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó o, ó sì ti wọ bàtà rẹ̀ lọ sí fádà.

Mo wé gèlè, mo gbé Àbẹ̀kẹ́ pọ̀n, mo tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n pariwo ayọ̀. "Kákà dé! Ẹ fún un ní ife!" Mo ní mi ò jókòó. Mo dúró síwájú Múfú.

"Múfú, ìwọ lo mọ iṣẹ́ Ààrẹ, tó o mọ iṣẹ́ olórí ìjọba. Ẹ bá mi bi í, ẹ̀yin ará fádà: nílé tirẹ̀, ta ni kó wẹ ọmọ yìí lónìí?"

Bàbá Agége túmọ̀ rẹ̀. Múfú ń wo ife tíì ọwọ́ rẹ̀. Ísáká tó sanra rọra gbé kẹ́tù kúrò lórí iná. Sáídù kọjú sí Múfú, ó ní, "Ẹrú bàbá mi, dáhùn." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ọmọ mi ti di àpò. Ìyá rẹ ń sunkún. Ìwọ ni òfin ilé yẹn, ìwọ lo ò sì sọ̀rọ̀ tó."

Ó dìde. Bàbá Agége ní òun ń bá a lọ, kó lè rí ẹni jẹ́rìí.

Nílé, ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó ń làágùn. Ó ní, "Àárọ̀ jẹ́ ti Àlájà. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti Fọlákẹ́."

Mo ní, "Bí ẹni tó ni àsìkò ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Ẹnì kejì á wẹ̀ ẹ́, kò sì ní di ìjà."

"Bí ẹni tó ni àsìkò bá wà nílé, tó kọ̀ ńkọ́?"

Ó ronú. "Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kan orí òrùlé, àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Ẹnì kejì á wẹ̀ ẹ́."

"Bí ara ọmọ bá gbóná ńkọ́?"

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Fọlákẹ́ ni kó mú káàdì ọsibítù. Kò gbọdọ̀ dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Títí kan èmi náà."

Káàdì yìí wà nínú àpótí Àlájà, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àlájà dìde fùú. "Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń pín ilé mi bí ẹran ìléyá?" Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàá. Múfú fẹ́ tẹ̀ lé e, Bàbá Agége mú un lọ́wọ́. Ó ní, "Jẹ́ kó bínú. O ti sọ̀rọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ omi nínú báàfù. Àlájà ló ń wẹ ọmọ, ó ń kọrin sí i, Fọlákẹ́ dùbúlẹ̀ sínú yàrá, ojú rẹ̀ là kedere, kò jáde. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Àlájà ká ìborùn, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá arúgbó ilé kejì. Kò tíì lọ kí i láti ọjọ́ tí mo ti dé. Lórí àga tó fi sílẹ̀ ni káàdì wà.

Oòrùn ń wọ̀

Ọjọ́ tí mo máa padà, Fọlákẹ́ kò tú àpò rẹ̀. Múfú gbé e lé orí, Fọlákẹ́ pọn ọmọ, gbogbo wa lọ sí gáráàjì. Àlájà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi owó ẹyọ kan sí ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́, ó ká ìka rẹ̀ bò ó, ó sì wọlé.

Mọ́tò ò tètè kún. Wọ́n ń pe èrò, èrò ò wá. Awakọ̀ bi wá pé àwa mélòó là ń lọ. Mo wo Fọlákẹ́. Múfú gbé àpò sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ní, "Àpò rẹ ló wà nílẹ̀ yẹn. Ibi tó o bá gbé e lọ, ìyá rẹ ni mí."

Ojú rẹ̀ ò sí lára mọ́tò, kò sí lára ọkọ rẹ̀. Òkè ló ń wò, ibi tí oòrùn ti ń pọ́n lọ sẹ́yìn àwọn ilé. Ó tún wò ó. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, erukutu ti bò ó.

Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpò.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú, mi ò ní lè dúró kí mọ́tò yín gbéra. Ó ti fẹ́ kan orí òrùlé. Bí mi ò bá délé báyìí, Àlájà á ní ìrọ̀lẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó kúnlẹ̀ fẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó gbé àpò lé orí, ó yí padà. Múfú ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pè é pé kó rọra. Mo dúró lẹ́nu mọ́tò, mo ń juwọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Ọmọ mi kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.